Ewé Tí Màmá Kò Fi Sí Ojú Egbò

Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, tí wọ́n gé sínú abọ́ tí wọn kò rí jẹ tán, tó wá ń kan díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọmọrí: òórùn yẹn ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní wọ́ọ̀dù wa, nílé ìwòsàn kan báyìí ní Ilé-Ifẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, gbogbo fèrèsé ló wà ní títì, inú yàrá sì móoru bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Mo rò pé ẹnì kan ló fi èso pamọ́. Mo tilẹ̀ lóṣòó, mo ń yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kùn pé àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí eèrà fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé o ti mọ ohun tí òórùn náà jẹ́. Èmi náà ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í rùn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Èmi ni mò ń bójú tó fífọ ọgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ọwọ́ mi yá, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ọmọ àdúgbò Ìrẹ́mọ ní Ifẹ̀ ni mí, nílé wa, bí ọmọbìnrin bá mọ iṣẹ́ ṣe, wọn kì í bi í léèrè bóyá ó mọ ènìyàn pọ́n lé. Ohun tí mo fi ń yangàn jù lọ ni pé ìgò oògùn ìfọgbẹ́ mi kì í gbẹ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gbìn ín sí mi lọ́kàn pé ìtìjú ni kí dókítà na ọwọ́ sí ìgò kó má bá nǹkan kan níbẹ̀. Nítorí náà, bí oògùn bá ti lọ sí ìdajì, màá da ògidì rẹ̀ díẹ̀ lé e, màá bu omi kún un láti inú dúrọ́ọ̀mù, nítorí ẹ̀rọ omi wa kì í sábà yọ, màá sì mì ín pọ̀. Òfin iṣẹ́ ni pé kí a da èyí tó kù nù, kí a fọ ìgò, kí a sè é, kí ó gbẹ dáadáa kí a tó po tuntun. Lójú tèmi, ìwà àpà ni kéèyàn máa da oògùn nù nílé ìwòsàn tí nǹkan kò tó. Ọ̀pọ̀ oṣù ni n kò fi rí ìdí ìgò yẹn.

Obìnrin kan, ọmọ Ìpetumodù, ni aláìsàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Amọ̀kòkò ni, bí ìyá rẹ̀ náà ṣe jẹ́ amọ̀kòkò. Níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò ní gbangba ni atẹ́gùn ti gbé iná lu ìró rẹ̀. Iná náà jó itan rẹ̀ òsì títí dé ìbàdí, ó sì tún jó apá òsì tó fi ń pa á. Màmá rẹ̀ ló fi ìró ara wọn bò ó mọ́lẹ̀ títí iná fi kú. Àwọn náà ló gbé e wá, àwọn ló sì dúró tì í. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ẹ ní ọ̀sán, wọ́n ń bọ́ ọ ní ṣíbí ṣíbí. Ọwọ́ wọn nípọn, amọ̀ ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn àti abẹ́ èékánná wọn débi pé ọṣẹ kankan kò lè yọ ọ́ mọ́. Wọ́n tó ìyá tó bí mi, síbẹ̀ "ẹ̀yin nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ń bọ̀, wọn a dìde. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn dókítà họ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fi bo egbò itan òsì àti ti apá. Bí awọ náà bá mú, á lọ sílé láìpẹ́. Bí kò bá mú, egbò náà á tún ṣí sílẹ̀ gbayawu, a ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara tí kò lókun mọ́. Ọjọ́ karùn-ún la máa ń tú u wò, ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí sì ni ọjọ́ karùn-ún náà.

Bí mo ṣe tú báńdéèjì dé ìpele tó kẹ́yìn, òórùn èso náà gbá mi nímú, mo sì rí i pé gọ́ọ̀sì ti rẹ sínú àwọ̀ ewé. Kò jọ ọyún funfun tí a mọ̀, kò jọ ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ń dán ni, ó dà bí ẹni pé wọ́n po aró díẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ra ewé imí-eṣú lọ́wọ́ tí wọ́n fún omi rẹ̀ lé aṣọ funfun. Ta ni kò mọ̀ pé imí-eṣú ni wọ́n ń fún sí ojú ọgbẹ́ lágbègbè wa? Ìyá mi àgbà fún un sí orúnkún mi láìmọye ìgbà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti dájọ́. Mo gbójú sókè, mo wo èékánná màmá náà, mo rí dúdú dúdú abẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán lójú mi.

"Màmá, kí lẹ fún sí ojú egbò ọmọ yín?"

"N kò fún nǹkan kan sí i, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì."

"Ṣé èmi ni mo wá fi ewé sí i?"

Mo ní kí wọ́n tú báàgì wọn. Efinrin tútù wà nínú ọ̀rá kan, ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n ní ọbẹ̀ ni àwọn fẹ́ fi sè fún un, pé ó ní ẹnu òun korò. Mo gbé ọ̀rá náà sókè kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè rí i. Mo ní, "Ẹ̀yin ará oko, ẹ ó gbé ènìyàn wá fún wa tán, ẹ ó tún máa bá wa ṣe oògùn pọ̀." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbì kan. Màmá náà wo ilẹ̀. Ọmọ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ń wo èmi àti wọn, èmi àti wọn, bí ẹni tí wọ́n ní kó yan ẹni tó máa gbà gbọ́.

Mo lé wọn síta. Mo sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé wọn kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ títí n óò fi ní kí wọ́n wọlé. Fún ọjọ́ méjì, abẹ́ òrùlé páànù tí àwọn ẹbí aláìsàn ti ń fọṣọ ni wọ́n jókòó sí, òjò ń ta sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á bẹ ẹni tó bá ń wọlé kó bá wọn gbé e fún un. Mo ń rí wọn láti ojú fèrèsé ibi tí a ti ń fọ ọgbẹ́. Mo rò pé mò ń dáàbò bo aláìsàn mi, inú mi sì balẹ̀ pátápátá. Inú tó balẹ̀ yẹn ló ń tì mí lójú jù nígbà mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bá mi lójú ọ̀nà àárín wọ́ọ̀dù méjì, wọ́n kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù. Àgbàlagbà, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. "Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mo gbà. Èmi ni mo fi ewé sí i. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi." Ó yẹ kí n bi wọ́n léèrè irú ewé tí wọ́n fi sí i, ìgbà tí wọ́n fi sí i, bí wọ́n ṣe tú báńdéèjì tí wọ́n sì tún un dì tí èmi alára kò mọ̀. N kò béèrè. Mo mú wọn wọlé, mo ní kí wọ́n tún un sọ níwájú ọmọ wọn, kí òun náà lè mọ ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà jáde. Ọmọ náà yí ojú sí ògiri. Mo jókòó sí tábìlì mi, mo kọ ọ́ sínú fáìlì ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara pé ìyá aláìsàn jẹ́wọ́ pé òun lo ewé sí ojú egbò, mo sì fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ibà dé. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì tún ń gbọ̀n bí ẹni tó jókòó sínú òjò. Ó ń sọ ìsọkúsọ nípa ìkòkò tí wọn kò tíì kó wọlé. Nígbà tí a tún tú egbò náà, awọ tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti ń yọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n bu omi gbígbóná lé, ó ń bá gọ́ọ̀sì jáde. Lẹ́bàá ìbàdí rẹ̀, níbi tí iná kò dé rárá, àmì dúdú kan ti yọ, etí rẹ̀ pọ́n yíká. Ojú dókítà yí padà. Oògùn tí a ti ń fún un láti ọjọ́ yìí wá, àfi bí ìgbà tí a ń da omi sẹ́yìn agbe. Wọ́n fi òwú nu ojú egbò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù.

Níbí yìí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí tirẹ̀, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ ló dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, kò sí ẹni tó ń wá wò ó. Kò sí ìyá, kò sí efinrin, kò sí èékánná alámọ̀. Ní ọjọ́ kejì ibà yẹn, mo tú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì bá àwọ̀ ewé kan náà níbẹ̀, pẹ̀lú òórùn kan náà. Mo dì í padà kíákíá. Mo sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ iná wọ́ọ̀dù ni kò mọ́lẹ̀ tó. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ní ohun tó lè dá màmá yẹn láre lọ́wọ́, tí mo sì dì í mọ́ inú báńdéèjì.

Ọkùnrin láàbù fúnra rẹ̀ ló wá. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó ní bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Sudomónáàsì ni. Ó ní bí wọ́n bá fi àwọ̀ kùn ún lórí gíláàsì, kì í gba àwọ̀ àlùkò bíi ti àwọn kan, pupa ló ń yọ, àti pé ìdajì oògùn tí a gbójú lé ni kò ràn án rárá. Ó ní bakitéríà náà fúnra rẹ̀ ló ń tú àwọ̀ ewé yẹn jáde, òun ló sì ni òórùn dídùn náà. "Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kì í ṣe é ní nǹkan kan, Sístà. Ibi tí omi bá wà ló ń gbé. Ẹni tó bá rí i pé ó ti ṣubú tẹ́lẹ̀ ló ń gùn." Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Mo gbọ́ ọ, mo mi orí, n kò tíì mọ̀ pé mo wà lára àwọn kéékèèké náà.

Ó fi òwú nu ẹnu ẹ̀rọ omi, ó nu ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó nu tábìlì, ó wá bu díẹ̀ nínú ìgò mi. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá. Inú ìgò ló ti bá a, ó kún fọ́fọ́. Inú oògùn tó yẹ kó pa á ló ti ń bímọ, nítorí pé ìgbà gbogbo ni oògùn náà ṣàn jù, tí ìgò kò sì gbẹ rí. Ó wo ìgò, ó wò mí, ó béèrè láìfi ẹ̀sùn kankan kàn mí: "Sístà, ta ló ń po èyí?"

"Gbogbo wa ni."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mo ti pò ó nìkan fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo ti fi í yangàn nìkan, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìtìjú, mo pín in kárí. Mátírọ́ọ̀nù pe ìpàdé. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ìgò tó bá lò ju ọjọ́ kan lọ, kí a dà á nù, kí a kọ ọjọ́ tí a pò ó sí i lára. Mo dúró láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo ń mi orí bíi ti gbogbo wọn.

Wọ́n rí abẹ́rẹ́ tó ràn án, a sì ń fi omi kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà fọ ojú egbò náà títí àwọ̀ ewé fi lọ. Tíṣà náà yè. Ọmọ amọ̀kòkò yè, wọ́n tún họ awọ mìíràn, èyí mú, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò nà tán mọ́. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n tún lò lọ́dọ̀ wa. Lójoojúmọ́ ni mò ń fọ egbò rẹ̀, lójoojúmọ́ ni màmá rẹ̀ ń dìde bí mo bá ń bọ̀. Ọmọ náà kì í bá wọn sọ ju ohun tó bá di dandan lọ. Mo sọ fún un pé kòkòrò kan ló wọ egbò rẹ̀, ó sì ti lọ. N kò sọ ibi tó ti wá. Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ sílé, ó ń rìn níwájú, màmá ru ẹrù tẹ̀lé e lẹ́yìn. Màmá tún yíjú padà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó tún rí i. Ó wá kí wọ́n yẹ apá rẹ̀ wò, ó pọn ọmọ titun jòjòló, kò tíì ju oṣù méjì lọ. Inú mi dùn, mo bá ọmọ ṣeré. Mo ní, "Màmá á ti máa sọ̀ ọ́ sókè sódò nínú ìwẹ̀." O mọ̀ bó ṣe máa ń rí ní ilẹ̀ wa, ìyá ẹni ló ń wá wẹ ọmọ, òun ló ń na apá, tó ń na ẹsẹ̀, tó ń fi òrí pa á. Ó ní, "Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó ba tèmi jẹ́, n kò lè gbé ọmọ mi sí i." Fáìlì rẹ̀ wà lórí itan mi. Mo ṣí i, mo sì bá ìlà tí mo kọ níbẹ̀, lẹ́wà bí mo ṣe kọ ọ́. Mo pa fáìlì náà dé. Mo jẹ́ kó lọ.

N kò lè jẹun bó ṣe yẹ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpetumodù, mo béèrè ilé màmá náà. Mo bá wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yí ìkòkò kan po, wọ́n ń fi àkísà tútù dán ẹnu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ alámọ̀ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìgò, dúrọ́ọ̀mù, tíṣà, láàbù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo fi purọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n fi àkísà bo ìkòkò kí ó má baà gbẹ, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n we gèlè. Wọ́n ní, "Dìde, ká lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Èmi ò ní sọ nǹkan kan."

Mo tún un sọ níwájú ọmọ náà. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: "Kí ló dé tí wọ́n fi wá ní àwọn ni?" Mo ní, "Nítorí pé mo tì wọ́n mọ́ ìta, kò sì sí ohun mìíràn tí màá gbà lẹ́nu wọn." Ó wo apá tí kò nà náà lórí itan rẹ̀. Kò sunkún, kò bẹ màmá rẹ̀. Ó kàn dìde, ó gbé omi gbígbóná sílẹ̀, ó gbé àga ìjókòó kékeré tì í, ó wá sọ síhà ibi tí màmá rẹ̀ wà pé, "Ọmọ ò tíì wẹ̀ láti àárọ̀."

Màmá ká ìró wọn sókè, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n gba ọmọ. Mo dúró lẹ́bàá ògiri, n kò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n dúró. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí jì mí, pé n kò mọ̀, pé àwọ̀ náà jọ ewé lójú mi. Wọ́n da omi sí ọmọ láyà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó jọ ọ́, pé lójú àwọn náà ó jọ ọ́. Wọ́n wá gbójú sókè, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bi ẹni ní ọ̀nà, wọ́n béèrè pé, "Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

Mo ní, "Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Láti ọ̀sẹ̀ tí ẹ wọlé padà."

Wọ́n yí ọmọ dojú bolẹ̀ lórí ojúgun wọn, wọ́n ń wẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti padà sínú fáìlì náà, mo kọ òtítọ́ sábẹ́ irọ́ mi, mo sì kọ orúkọ mi ní kíkún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nípa ìgò. Ìyẹn kò ṣòro, àṣìṣe ni, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo ti mọ̀, oṣù méjì ní wọ́ọ̀dù àti ọdún kan lé ní ìta, tí ìyá kan ń gbé nínú ìlú kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò sì lè fọwọ́ kan ọmọ-ọmọ rẹ̀, n kò rí orúkọ tí màá pè é. Yàtọ̀ sí ìyá àti ọmọ náà, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún.